Àlejò Ní Í Sọ Pé Ó Dùn

Ẹni tó bá ní òdòdó ló ń bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́, kó lọ jókòó sídìí òdòdó rẹ̀. Ìfẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹja tó jẹrà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹja náà ti ń bú gbogbo ilé láti inú fíríìjì, ẹni tó ni ín sì dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó wà láàárín ọgbà.

Ọmọbìnrin tí wọ́n ránṣẹ́ pè pé kó wá tún fíríìjì náà ṣe, ọmọ agbẹ̀bí ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e dé òkè òkun. Ilé iṣẹ́ tó gbà á a máa gbé àpótí irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní ó ya, ó di ìlú báyìí, ọkọ̀ ojú irin á sì gbé e lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Oníyìnyín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára bí àwọ̀.

Ẹlòmíràn á dé ìlú onílùú, á máa wá ibi tí yóò ti ya fọ́tò. Ẹnu ni Oníyìnyín fi ń rin ìrìn àjò tirẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń jẹun láìsọ̀rọ̀, á bá wọn dákẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ariwo jẹun, á pariwo jù wọ́n lọ. Ó ti jẹ ewé tí kò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Ó ti mu ọbẹ̀ ẹ̀wà tó dúdú bí ìsàlẹ̀ kànga. Ó ti jẹ èso kan tó kan dé ibi pé ó di ojú méjèèjì, ó sì rí ilé ìyá rẹ̀ nínú òkùnkùn náà, kedere. Níbikíbi tó bá dé, gbólóhùn kan ló kọ́kọ́ ń kọ́ nínú èdè wọn: "Ó dùn." Bó dùn, bí kò dùn, ó dùn. Ìyá rẹ̀ ló fi kọ́ ọ láti kékeré.

"Oúnjẹ tí wọ́n bá bù fún ọ nílé onílé," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí, "bó korò bí ewúro, gbé e mì, kí o ní ó dùn. Ọmọ tó bá ń yínmú sí ọbẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú, wọn ò sì gbọdọ̀ bú mi."

Ilé oúnjẹ tó ní fíríìjì yẹn wà létí omi, ní ìlú kan tí kùrukùru máa ń bò láàárọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ kó tó rí ojú rẹ̀. Alásè náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ga, ó rọra, ìyẹ̀fun wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ń retí yín. Ẹ̀rọ yìí kàn dákẹ́ ni."

Oníyìnyín ṣí fíríìjì. Ọlọ́run ló ní kó má ṣubú. Ó fi apá bo imú, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìgbà wo ló dákẹ́?"

"Bí àná. Tàbí ìjẹta. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò tíì ṣe ẹja inú rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni."

"Ẹ fojú wò ó ni, àbí ẹ fimú wò ó?"

Ẹ̀rín ọkùnrin náà kú díẹ̀díẹ̀ bí iná tí epo rẹ̀ tán. Ó lọ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó fẹ̀yìn tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Àìsàn kan ló ti dá a dùbúlẹ̀ nígbà kan rí. Ibà náà lọ, ó sì kó gbogbo òórùn ayé dání lọ. Ahọ́n rẹ̀ náà kú ààbọ̀. "Oúnjẹ wá dà bí ohun tí mò ń wò láti ojú fèrèsé," ló wí. "Ọwọ́ mi ṣì mọ̀ ọ́n sè. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

"Alásè tí kò gbóòórùn!" Oníyìnyín pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ò wa ọkọ̀ kún un, kẹ́ ẹ sì dijú?"

Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di ògiri mú. Wọ́n jọ kó ẹja náà dànù. Oníyìnyín tún ẹ̀rọ ṣe. Alásè sì se ọbẹ̀ ẹ̀wà fún un, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó dúró, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń retí èsì ìdánwò.

Iyọ̀ ọbẹ̀ náà gbá Oníyìnyín létí. Iyọ̀ òkun ni. Ó gbé e mì.

"Ó dùn," ló wí.

Ojú ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ bí fèrèsé tí wọ́n ṣí. Ta ló máa rí ìmọ́lẹ̀ yẹn tó máa fẹ́ pa á?

Bí Oníyìnyín ṣe di ahọ́n ọkùnrin náà nìyẹn. Bí iṣẹ́ bá gbé e lọ ìlú mìíràn, ibikíbi tó wù kó jẹ́, ọkọ̀ ojú irin á tún gbé e padà sí etí omi yẹn, àwáwí rẹ̀ kì í sì í tán: ó fẹ́ wo rọ́bà ilẹ̀kùn fíríìjì, ó fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń mí. Fíríìjì wo ni wọ́n ń bẹ̀ wò bí ọlọ́mọ tuntun? Ọkùnrin náà kò ní béèrè. Á fa àga fún un, á di ojú rẹ̀, á ní, "Kí ló ń rùn níta lónìí?"

Òun á sì sọ ọ́. Á ní okùn ọkọ̀ ojú omi ń rùn bí ẹ̀wù arúgbó tó ti rin ìrìn àjò. Á ní ìlú tí òun ti ń bọ̀, kọfí ni wọ́n fi ń jí i, òórùn rẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ológbò. Á ní ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná yìí ń ta sánsán bí ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá kan ilẹ̀ gbígbẹ, tí gbogbo ayé á dákẹ́ kí wọ́n lè fà á símú. Ọkùnrin náà á fetí sílẹ̀ bí ẹni tó ń lá àlá tó ti lá rí. Nígbà mìíràn ọwọ́ wọn á wà lórí tábìlì kan náà, wọn ò ní kan ara wọn, ooru àwo ọbẹ̀ á sì máa gba àárín wọn kọjá. Nínú ọ̀rọ̀ òórùn, Oníyìnyín ò purọ́ fún un rí. Àfi nínú ohun kan: ọ̀rọ̀ iyọ̀. Bí ọkùnrin náà bá na ṣíbí sí i, "Ó dùn" ló ń wí. Iyọ̀ náà sì ń pọ̀ sí i, torí ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ á máa pariwo.

Àwọn àga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Àwọn awakọ̀ ojú omi tó máa ń kún ibẹ̀ láàárọ̀ kò yà mọ́. "Òtútù ni," ni ọkùnrin náà ń wí. Oníyìnyín á ní, "Àbí?" Ọkàn rẹ̀ á sì máa bá a jà nínú ọkọ̀ padà. *Sọ fún un. Kí n sọ kí ni? Pé láti ọjọ́ yìí wá mò ń tàn án? Á ní kí n máa lọ. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn kì í fọ́ dígí lójú rẹ̀.* Ìtànjẹ dídùn, ẹ ò rí i! Oyin ni, eèrà ló sì ń kó wọlé.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n Alásè fi wá bá Oníyìnyín nínú yàrá tó gbà sí ìlú náà. Obìnrin yìí ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì òpópónà, ẹnu rẹ̀ gbóná ju ààrò rẹ̀ lọ.

"Oníyìnyín, alárenà ni mo bá dé o. Àbúrò mi ń fẹ́ ẹ. Kò lè sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ ọ́, àlùbọ́sà ló ń gé. Ó ti gé èyí tó lè mú gbogbo ìlú sunkún."

Oníyìnyín wo ilẹ̀, ó wo fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ti jẹun níbẹ̀ láìpẹ́ yìí?"

Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibi tí kò dọ̀tí. "Èmi? Búrẹ́dì ni mò ń jẹ ní tèmi. Ó ń fẹ́ ẹ ni mo wí. Ṣé ìwọ náà ń fẹ́ ẹ?"

"Mo ń fẹ́ ẹ débi pé mò ń gbọ́ òórùn ìlú yín lójú oorun. Ṣùgbọ́n mo ní ìyá. Bí ìyá mi bá ní rárá, rárá náà ni."

Ìyá sì ní rárá. Lórí fóònù, ohùn rẹ̀ wọlé ṣáájú ìkíni.

"Alásè? Ta ni bàbá ẹ̀? Ta ló mọ̀ ọ́n? Ọkùnrin tó mọ ọbẹ̀ sè dára, ọkùnrin tó wà nítòsí ló dára jù."

"Màmá, èèyàn jẹ́jẹ́ ni."

"Omi jẹ́jẹ́ náà ń gbé èèyàn lọ. Gbọ́, gbogbo ọmọ tó wà ládùúgbò wa níbí, ọwọ́ mi yìí ni wọ́n bọ́ sí. Ọmọ olóòótọ́, ọmọ olè, èmi ni mo gbẹ̀bí wọn. Ti ọmọ bíbí inú mi wá kàn, ẹ wá ní kí ẹni tí mi ò mọ̀ rí gbẹ̀bí rẹ̀, kí èmi máa gbọ́ igbe ọmọ ọmọ mi lórí fóònù bí ìròyìn? Ó tì o!"

Ohùn rẹ̀ já ní gbólóhùn ìkẹyìn. Oníyìnyín gbọ́ ọ, ó sì di fóònù mú bí ẹni tó di ọwọ́ mú.

"Mi ò ní fẹ́ ẹ bí ẹ ò bá súre sí i, Màmá. Ẹ kàn wá rí i."

"Màá wá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun máa fi oúnjẹ dì mí lẹ́nu. Ọjọ́ tí mo bá jẹun wọn, mo ti gbà nìyẹn. Mi ò sì ní jẹ ẹ́."

Ó wá. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀wù òtútù tó yá, ẹ̀wù náà gùn dé kókósẹ̀ rẹ̀, ó dà bí agogo ńlá tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Nígbà tó dé ilé oúnjẹ, wọ́n ní kó bọ́ ẹ̀wù, ó ní rárá, ẹni tí kò ní pẹ́ kì í bọ́ ẹ̀wù. Ó jókòó. Alásè gbé ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀, òmíràn ṣì wà lórí iná nínú ilé ìdáná. Oníbúrẹ́dì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Oníyìnyín ló ń túmọ̀ èdè láàárín wọn.

"Sọ fún un pé mo ti yó."

"Màmá ní ẹ ṣeun, àwọn á jẹ tó bá yá."

"Sọ fún un pé ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ mi, ilé mi ló yẹ kó ti wá bá mi. Kì í ṣe èmi ni màá wọ ọkọ̀ òfuurufú wá kí i."

"Màmá ní ìrìn àjò náà tù wọ́n lára."

Alásè tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń rẹ́rìn-ín sí? Sọ fún un pé ojú ẹ̀ jọ ti ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò."

"Màmá ní ojú yín fani mọ́ra."

Oníbúrẹ́dì wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀rọ̀ tó dùn tó báyìí," ló wí, "kí ló dé tí wọ́n fi ń na ìka sí wa?"

Ibẹ̀ ni imú Màmá ti gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. "Nǹkan ń jóná."

Oníyìnyín náà ti gbọ́ ọ. Ara rẹ̀ ti fẹ́ dìde, ó sì dá a dúró, torí bí òun bá sáré, ìyá òun á béèrè ohun tí alásè dúró ṣe. Alásè ń bu omi sínú ife, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ayé ò ní wàhálà kankan. Màmá wò ó. Ó dìde, agogo náà gbéra, ó wọ ilé ìdáná, ó fi ìṣẹ́tí ẹ̀wù gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ìgbà tí èéfín yọ jáde ni ọkùnrin náà tó fò sókè.

Màmá mú ìdérí tó jóná náà, ó gbé e sí abẹ́ imú ọkùnrin náà gan-an. Kò ṣẹ́jú.

"Ọwọ́ mi ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ mí," ni Màmá wí fún ọmọ rẹ̀. "Mo mọ imú tó ń ṣiṣẹ́. O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màmá."

Màmá padà sídìí tábìlì, ó mú ṣíbí. "Títọ́ ọ wò kì í ṣe jíjẹ," ló wí fún ara rẹ̀. Ó fi kan ahọ́n. Ojú rẹ̀ kó jọ bí àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀.

"Ta ló ń bá a tọ́ ọ wò?"

"Èmi ni."

"Kí lo ń sọ fún un?"

"Mo ní ó dùn."

"Ó dùn! Èyí! Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

Níta, ọkọ̀ ojú omi kan fun fèrè rẹ̀ nínú kùrukùru, ohùn náà pẹ́ kó tó tán. Nígbà tí Màmá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Àlejò ni mo kọ́ ẹ pé kó máa ní ó dùn. Àlejò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé á ní iyọ̀ pọ̀. Ṣé àlejò lo fẹ́ jẹ́ nílé ọkọ títí ayé?"

"Kí ni wọ́n wí?" ni Alásè béèrè.

Ọ̀rọ̀ dídùn ti dé etí ètè Oníyìnyín, ó ti ṣètò tán. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Wọ́n ní iyọ̀ pọ̀," ló wí. "Òótọ́ ni. Ó ti pọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Òun ló lé àwọn èèyàn yín lọ. Èmi ni mo purọ́."

Ọkùnrin náà wo àwọn àga. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kí wọn pé ó dìgbà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde, kùrukùru sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó dé, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ náà, ó fa àga sí iwájú Màmá, ó gbé ṣíbí lé e lọ́wọ́. Kò wo Oníyìnyín.

"Sọ fún màmá ẹ pé kí wọ́n máa bá a lọ. Kí ló tún kù díẹ̀ káàtó?"

Màmá sì sọ ọ́. Ó ní ẹja ti jinná jù, àlùbọ́sà ti dúdú, ata ti lọ sàjò. Oníyìnyín túmọ̀ gbogbo rẹ̀ gbóná gbóná, kò fi oyin lá a. Ọkùnrin náà ń mi orí. Nígbà tó tán, Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Bàbá ẹ, kí Ọlọ́run dáríjì í, bí mo bá ní fìlà ẹ̀ wọ́, ilé ò ní gbà wá. Èyí tún ń béèrè sí i." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mi ò ní mo gbà o."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ ni Alásè tó bá Oníyìnyín sọ̀rọ̀, lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"O rí àwọn àga náà. O rí wọn, o sì ní ó dùn."

"Ẹ̀rù ń bà mí pé ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ á kú."

"Ahọ́n ẹ nìkan ni mo ní," ló wí, ó sì wọlé.

Ilẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ojú irin yóò gbé Oníyìnyín lọ tún fíríìjì ìlú mìíràn ṣe. Màmá ti jí ṣáájú rẹ̀, ibùsùn rẹ̀ ṣófo. Ó gbé àpótí irinṣẹ́, ó gba etí omi. Kò sí ohun tó hàn nínú ayé àyàfi fèrèsé ilé oúnjẹ náà tó pọ́n bí ẹyinná. Ó ní òun kàn fẹ́ kọjá ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́.

Alásè wà nídìí iná. Kò kí i. Ó bu ọbẹ̀ ẹ̀wà, ó fẹ́ ẹ, ó na ṣíbí náà sí i.

Oníyìnyín tọ́ ọ wò. Ó jẹ́ kó dúró lẹ́nu rẹ̀ pẹ́.

"Kò dùn," ló wí. "Iyọ̀ pọ̀. Ẹ̀wà ò tíì rọ̀. Kò dùn rárá, ọkọ mi."

Ọkùnrin náà dúró. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn rọra kàn án, bí oòrùn ṣe ń kan ògiri. Ó bu omi sínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ó di ojú rẹ̀ bó ṣe máa ń dì í.

"Kí ló ń rùn níta lónìí?"

"Kùrukùru. Búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n ẹ. Àti ẹ̀wù òtútù Màmá. Wọ́n ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn kí n tó dé, wọ́n rò pé mi ò mọ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá wọlé, ó gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n fìwé pè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó jókòó.

"Bu tèmi wá. Bù ú kó kún. Mi ò wá tọ́ nǹkan kan wò, jíjẹ ni mo fẹ́ jẹ."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Oníyìnyín. Alásè bu ọbẹ̀. Màmá jẹ ẹ́, kò yára, ooru ọbẹ̀ bo ojú rẹ̀ títí ó fi dà bí ẹni tí wọ́n ń rí lójú àlá. Nígbà tó kù díẹ̀, ó fi ṣíbí tọ́ka sókè àjà.

"Sọ fún un, má sì dín in kù. Yàrá òkè yẹn tí oòrùn àárọ̀ máa ń wọ̀, mo ti rí i láti ìta. Kó má fi nǹkan kan síbẹ̀. Ibẹ̀ ni màá ti gbẹ̀bí ọmọ yín. Ilé ìdáná wà nísàlẹ̀, omi gbígbóná ò ní wọ́n mi."

Oníyìnyín sọ ọ́. Kò dín in, kò fi kún un. Etí rẹ̀ nìkan ló gbóná bí irin. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ bí ó ṣe gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é, kò mọ̀ ọ́n ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gba ẹsẹ̀ tábìlì. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti béèrè nǹkan, Oníyìnyín sì túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní ṣé ọbẹ̀ náà tẹ́ yín lọ́rùn, Màmá?"

Màmá fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ àwo mọ́ tónítóní. Ó na àwo náà sí wọn pé kí wọ́n bu sí i.

"Iyọ̀ ṣì pọ̀," ló wí.